Mùyìbátù àti Ọmọ Igún Odò Ẹran

Bí ẹ bá dé odò ẹran ní Ṣakí láàárọ̀, kí ẹ tó rí màlúù kankan, ẹ ó ti gbọ́ ohùn Mùyìbátù. Pọ̀nmọ́ ló ń tà. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń tà á. Kò sí alápatà kan níbẹ̀ tí kò tíì bá jà rí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní sáré wá a kàn bí ìyàwó rẹ̀ bá ń rọbí. Obìnrin kúkúrú ni, èéfín awọ tó ń jó lójoojúmọ́ sì ti sọ ẹyinjú rẹ̀ di pípọ́n, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán ni. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ilé kejì sí tiwọn ni mò ń gbé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Kàdírì bàbá rẹ̀, alápatà ni. Nígbà tí Mùyìbátù wà lọ́mọdé, igún a máa kún orí páànù odò ẹran bí ẹni sá aṣọ dúdú sóòrùn. Ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Ìdọ̀tí tí èèyàn ìbá fi odidi ọjọ́ kó, wọn a ti jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni igún ń dín kù. Àwọn kan ń fi májèlé sínú ẹran fún wọn, kí wọ́n lè rí orí àti ìyẹ́ wọn tà. Igi gíga tí wọ́n ń yé sí, wọ́n ń gé e fi la pákó. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún sì ń yé lọ́dún. Ohun tí ń kú kíákíá, tí ń bí díẹ̀díẹ̀, ṣé kò ní tán? Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, igún méjì péré ló kù, takọtabo, lórí igi àràbà tó wà lẹ́yìn odò ẹran.

Lópin ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n bá òkú akọ lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ti gé orí rẹ̀ lọ. Ó wá ku abo nìkan tí ń wá oúnjẹ fún ọmọ kan tó wà nínú ìtẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì sí i ni òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Ìjì náà ṣí páànù ilé, ó wó òpó iná, ó sì fa ẹ̀ka tí ìtẹ́ igún wà lórí rẹ̀ ya lulẹ̀.

Nígbà tí Mùyìbátù dé lówùúrọ̀, ó bá àwọn alápatà tí wọ́n pagbo yí nǹkan kan ká, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Abo igún ti kú sábẹ́ ẹ̀ka. Ọmọ rẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti tó àkùkọ adìyẹ, àmọ́ irun múlọ́múlọ́ ṣì wà lára rẹ̀, apá òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń ké fíì, fíì, bí ẹni tí ètè rẹ̀ gbẹ tó fẹ́ súfèé.

"Ìyá Sọ̀fíyàt, ẹ má sún mọ́ ọn o," ni ọ̀kan nínú àwọn alápatà wí fún Mùyìbátù, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. "Igún ni."

"Mo rí i pé igún ni. Ṣé mo pè é ní àdàbà ni?"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ẹyẹ náà, ó gbé e sínú báàfù tó fi ń ru pọ̀nmọ́. Mo wà níwájú ilé mi nígbà tó ń bọ̀. Èmi tí mo ti ń rí i láti ogún ọdún, n kò rí i kó ti odò ẹran dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ rí, láìta ọjà, láìfi ìborùn borí. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná."

Ọkọ rẹ̀, Ládòkun, wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tó máa ń wà. Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Ládòkun jẹ́. Awakọ̀ èrò ni, ó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì láti Ṣakí sí Ìbàdàn, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé èrò a máa fi ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ dúró de tirẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìjì yìí ni ẹ̀gbà kọlù ú lápá ọ̀tún. Ọlọ́run bá a ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wá ń lọ́ mọ́ ara wọn. Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé kó máa sọ̀rọ̀ ṣáá, pé ahọ́n á rántí. Ọjọ́ kan ni awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá kí i. Ó sọ nǹkan kan, ẹni náà kò gbọ́. Ó tún un sọ, ẹni náà kò gbọ́, ó wá rẹ́rìn-ín, bóyá nítorí ojú tì í. Láti ọjọ́ náà ni Ládòkun ti pa ẹnu mọ́. Bí o bá kí i, á mi orí. Bí omi bá ń gbẹ ẹ́, á fi ọ̀pá kan ife.

Mùyìbátù sọ báàfù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú ìborùn. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ bínú. Ládòkun wo ọmọ igún, ó wo apá tó ń wọ́ nílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ fa àpótí ìjókòó tó wà níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ààyè lè gba ẹyẹ náà lábẹ́ òjìji.

Dókítà ẹran kan wà tó máa ń wá yẹ màlúù wò kí wọ́n tó pa á. Olúkúnlé lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mùyìbátù fà á wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fi ọwọ́ tẹ egungun apá ẹyẹ náà lọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ, ó ní ó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó dára ló ti ṣẹ́. Ó fi aṣọ dì í mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹran nìkan kò tó o, Ìyá," ó ní. "Ẹ máa fọ́ egungun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kí tiẹ̀ lè le. Ohun kejì ló tún ṣòro jù. Ẹni tó bá ń fún un lóúnjẹ, kó fi aṣọ bo ojú, kó fi ẹ̀mú mú ẹran, kó má sì sọ̀rọ̀. Rárá. Bí ó bá mọ ohùn èèyàn bí ohùn ìyá rẹ̀, ọjọ́ tó bá jáde, ọ̀dọ̀ èèyàn ló máa lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun táwọn èèyàn ń fi igún ṣe."

"Kí n máa tọ́ nǹkan, kí n má bá a sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Dókítà, ìyà yẹn pọ̀ o."

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Obìnrin tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òpópónà, á fi ìborùn bo ojú, á jókòó ti àgò ẹyẹ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á sì máa fi ẹ̀mú na ẹran sí i láìsọ ohun kan. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ a máa yọ́ lọ́fun òun bí itọ́.

Àdúgbò ni kò dákẹ́. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń sọ nípa igún: bí ó bá bà lé òrùlé ẹni, nǹkan ń bọ̀. Àwọn kan tọ Mùyìbátù wá pé ìyà kan ló kọ́kọ́ bá ọkọ rẹ̀, ṣé ó fẹ́ pe èkejì wọlé ni. Èmi náà, n kò ní purọ́, àyà mi já díẹ̀. Ẹni tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni Ògúndèjì, ọdẹ àgbà, tó ń bọ Ògún, tó ti fi ìbọn rẹ̀ kọ́ igi láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó wá fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àgò náà títí.

"Bàbá mi dẹ igbó yìí, bàbá tó bí bàbá mi dẹ ẹ́," ó ní. "Wọ́n pa ẹfọ̀n, wọ́n pa ìgalà. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ̀yin rò pé eré ni àwọn àgbà ń ṣe nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Bí nǹkan bá kú sínú igbó, ta ló ń gbá igbó mọ́? Ṣé èmi ni, àbí ìwọ?" Ó wo gbogbo wa lójú.

Ó ṣe bí oṣù méjì sí i. Lọ́jọ́ kan, ọjà tètè tán, Mùyìbátù sì tètè darí sílé. Bó ti dé igun ilé, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́yìnkùlé. Ó rò pé àlejò ni. Ó yọjú. Ládòkun nìkan ló jókòó níbẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ àgò, ó sì ń sọ̀rọ̀.

"A dé orí afárá, táyà bẹ́," ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ́ra, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ síwájú. "Èrò méjìdínlógún. Òjò ń rọ̀. Kọ̀ńdọ́ mi ti sùn lọ. Mo ní, Kọ̀ńdọ́! Ìwọ náà gbọ́, àbí o ò gbọ́? Kọ̀ńdọ́!"

Ọmọ igún tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò ó.

Mùyìbátù ní báàfù wà lórí òun, òun kò lè sọ̀ ọ́, òun kò lè rìn. Ọdún méjì ló ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn. Ó wá fi ẹ̀yìn rìn padà dé ojú títì, ó dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ jà pé ta ló da omi síbí, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Dókítà Olúkúnlé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. "Ẹ ní ká má sọ̀rọ̀ sí i. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín rí bí ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ní kó dákẹ́, Dókítà, n kò mọ̀ bóyá á tún la ẹnu mọ́."

"Ìyá, dókítà ẹran ni mí, n kì í ṣe dókítà èèyàn," ni Dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Tó bá yá, a ó wá ọgbọ́n dá sí ti ẹyẹ."

Bí igún náà ṣe gba orúkọ Kọ̀ńdọ́ lẹ́nu Ládòkun nìyẹn. Wọ́n tú aṣọ apá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fò láti ilẹ̀ sí orí odó, láti orí odó sí orí ògiri. Irun múlọ́múlọ́ ara rẹ̀ bọ́, ìyẹ́ dúdú hù. Lọ́sàn-án, á dúró ti Ládòkun, á máa fi ẹnu fa etí ṣòkòtò rẹ̀, bàbá náà á sì máa sọ ìtàn ọ̀nà Ìbàdàn fún un lọ. Mùyìbátù kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé mi nígbà tí mo gbọ́ igbe: "Jáde! Jáde nílé mi!" Mo sáré lọ pẹ̀lú ọwọ́ ọṣẹ. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀, ó mú àpò ìdọ̀họ dání, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní igún, òun fẹ́ rà á, pé kí wọ́n dárúkọ iye tó bá wù wọ́n. Ládòkun ti dìde, ó fẹ̀yìn ti àgò, ọ̀pá rẹ̀ wà lókè. Ọkùnrin náà rí mi, ó rí àwọn mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ò ronú kan ọ̀rọ̀ igún mọ́. Mo ń wo Ládòkun. Òun náà ń wò mí, bí ẹni tí ohùn ara rẹ̀ já lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti mọ̀ pé ẹyẹ náà kò lè pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ògúndèjì ló lọ wádìí ibi tí igún ṣì wà. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bi àwọn ọdẹ léèrè, ó ní wọ́n ń sùn sórí àpáta kan lẹ́yìn Okaka, nítòsí gáà àwọn Fúlàní, àti pé àwọn darandaran náà kì í fìtínà wọn. Dókítà fi òrùka búlúù sí ẹsẹ̀ Kọ̀ńdọ́. Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ti ń lọ sílẹ̀, a háyà mọ́tò kan. Mùyìbátù, Dókítà, Ògúndèjì àti èmi la fẹ́ lọ. Ládòkun ti jókòó síwájú mọ́tò kí a tó dé ibẹ̀.

Màlúù kan ti kú ní gáà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n sì ti wọ́ ọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Igún márùn-ún wà lórí igi gbígbẹ kan níbẹ̀. A ṣí apẹ̀rẹ̀ tí a fi gbé ẹyẹ náà wá. Kọ̀ńdọ́ jáde, ó na apá méjèèjì, ó wo ojú ọ̀run. Ó wá yíjú padà, ó tọ Ládòkun lọ, ó sì fi ẹnu fa etí ṣòkòtò rẹ̀.

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má wò ó."

Ládòkun yí ẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí àpáta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, ó sì dákẹ́. Ẹyẹ náà yípo rẹ̀. Ó fi ẹnu ṣá bàtà rẹ̀. Ó ké fíì, fíì, bíi ti ọjọ́ tó wà nínú ẹrẹ̀. Àwa yòókù fà sẹ́yìn sábẹ́ igi èmì. Mo rí i tí omi ń ṣàn lójú bàbá náà dé àgbọ̀n, kò nu ún, nítorí bó bá gbé ọwọ́, ẹyẹ á rò pé oúnjẹ ni. Láti aago mẹ́wàá títí tí oòrùn fi yẹ̀ lórí, kò mira. Mùyìbátù dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń fún un, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn igún orí igi sọ̀ kalẹ̀ sára màlúù. Èkejì tẹ̀ lé e. Kọ̀ńdọ́ wò wọ́n. Ó lọ díẹ̀, wọ́n lé e, ó sá padà sẹ́yìn Ládòkun. Ó tún lọ. Nígbà kẹta, ó rí etí kan tí ẹnikẹ́ni kò dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Nígbà tó ṣe, atẹ́gùn gbígbóná dìde láti ara àpáta, àwọn igún gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló kẹ́yìn. Ó fò bí ẹni ń jábọ́, apá òsì rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn wá gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lókè, lókè sí i, títí tí a kò fi mọ èwo ni tiwa mọ́.

Nígbà tí a ń padà, Ládòkun ló tún jókòó síwájú. Mo mọ ohun tí Mùyìbátù ń bẹ̀rù, ohun kan náà ni èmi ń bẹ̀rù. Ẹni tí bàbá yìí ń bá sọ̀rọ̀ ti lọ. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan là ń wò. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kan, mọ́tò ń ké, ó ń gbọ̀n. Ládòkun sọ nǹkan kan.

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?" ni awakọ̀ wí. Kò gbọ́.

Ládòkun mí kanlẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì: "Mo ní, gíà kejì, ni wọ́n fi ń gun, òkè yìí. Ṣé o fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì olówó ni?"

Awakọ̀ yí gíà, mọ́tò dákẹ́ igbe. Mùyìbátù fi ìborùn bo ojú, ó ní, "Alihamudu lilahi," ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Títí a fi dé Ṣakí ni Ládòkun ń bá awakọ̀ náà wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, bẹ́ẹ̀ ni kò já geere dòní. Ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá gbọ́, á tún un sọ.

Ògúndèjì dé ibi àpáta náà lẹ́ẹ̀mejì sí i pẹ̀lú ẹnì kan tí ojú rẹ̀ ríran ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n rí òrùka búlúù láàárín igún mẹ́fà. Ní odò ẹran, Mùyìbátù mú kí àwọn alápatà jọ fẹnu kò pé ẹni tí wọ́n bá bá tó fi májèlé sínú ẹran, kò ní pa màlúù níbẹ̀ mọ́. Ó bá mẹ́ta nínú wọn jà kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì tó kọjá, fóònù rẹ̀ dún nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin kan ló ń pè láti Ìsẹ́yìn, Dókítà Olúkúnlé ló fún un ní nọ́ńbà náà. Mọ́tò pa ìyá ìjímèrè kan lójú títì, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ òkú náà, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìjímèrè o," ni Mùyìbátù ń pariwo sínú fóònù. "Pọ̀nmọ́ ni mò ń tà!"

Láti orí àga rẹ̀, Ládòkun ní, "Bi í léèrè bóyá ó ti jẹun."

Ọ̀kadà ló gbé ọmọ ìjímèrè náà dé ní ìrọ̀lẹ́, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò. Dókítà ń wá ibi tí wọ́n máa mú un lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, orí igi máńgòrò wọn ló wà, ó sì ti sọ kóró máńgòrò lù mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.